Ta Ló Gé Okùn Náà? Àlàyé Lórí Àwọn Ohun Ìṣẹ̀ǹbáyé Ìlú Zermatt

Nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú Zermatt ní orílẹ̀-èdè Swítsàlandì, okùn kan wà nínú dígí. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò gùn, ẹnu rẹ̀ kan sì tú wúruwùru. Òun ni ọ̀pọ̀ àlejò ń tìtorí rẹ̀ wọ ibẹ̀, òun náà ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láti ọdún 1865 títí di òní olónìí. Lọ́dún náà, èèyàn mẹ́rin nínú àwọn méje tó kọ́kọ́ dé orí òkè Matterhorn ṣubú kú nígbà tí okùn yìí pín sí méjì. Ìbéèrè tí wọ́n máa ń bèèrè níwájú dígí náà kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé ó já ni, àbí ẹnìkan ló gé e?

Kí n tètè sọ tèmi: ó já ni. Ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò fi àyè gba ọ̀bẹ rárá. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà kò tíì tán nílẹ̀, nítorí ìbéèrè yẹn kọ́ ló wúwo jù. Oríṣi okùn mẹ́ta ni wọ́n gbé gun òkè lọ́jọ́ náà. Báwo ló ṣe jẹ́ pé èyí tí kò lágbára tó méjì yòókù ni wọ́n fi so èèyàn mọ́ èèyàn níbi tó léwu jù? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Kéèyàn tó lè dá ìjà náà dáadáa, ó ní láti mọ ẹni tó rí ìwé kọ, ẹni tí kò rí kọ, àti ohun tó wà nínú ìwé ìwádìí tí ìjọba kò jẹ́ kí ará ìta rí fún ọdún 55.

Zermatt wà ní gúúsù Swítsàlandì, ní ìpínlẹ̀ Valais, lápá ibi tí wọ́n ti ń sọ èdè Jámánì. Ó ga tó nǹkan bíi 1,600 mítà ju ojú òkun lọ, àwọn tó fi ibẹ̀ ṣelé kò sì ju bí 6,000 lọ. Ọkọ̀ elépo kò gbọdọ̀ wọ ìlú. Rélùwéè ló ń gbé àlejò wọlé, ọkọ̀ kéékèèké tó ń lo iná mànàmáná ló sì ń gbé ẹrù kiri ìgboro. Gbogbo owó tó ń wọlé síbẹ̀, orí òkè kan ló dúró lé: Matterhorn, tó ga tó 4,478 mítà, tó dá dúró gedegbe ní ààlà Swítsàlandì àti Ítálì. Ẹ ti lè rí i rí láìmọ̀. Òun ni wọ́n yà sára páálí ṣokoléètì Toblerone fún ọ̀pọ̀ ọdún kí ilé iṣẹ́ náà tó yọ ọ́ kúrò ní 2023, nígbà tí wọ́n gbé apá kan iṣẹ́ wọn lọ sí Slovakia tí òfin Swítsàlandì kò sì jẹ́ kí wọ́n lo òkè náà mọ́.

Ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn ọmọ olówó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ òkè gígùn di eré ìdárayá. Wọ́n á wá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n á gba ọmọ ìlú tó mọ òkè láti máa fọ̀nà hàn wọ́n, wọ́n á sì sanwó fún un. Edward Whymper kì í ṣe ọmọ olówó ní tirẹ̀. Iṣẹ́ fífín àwòrán sára pákó fún àwọn atẹ̀wé ló ń ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù, torí àwòrán sì ni wọ́n fi rán an lọ sí àwọn òkè Alps ní 1860. Ibẹ̀ ni ojú rẹ̀ ti là sí òkè. Láti 1861 ló ti ń bá Matterhorn fà á láti apá Ítálì, òkè náà kò gbà fún un. Nígbà tó fi máa di oṣù Keje 1865, ó gbọ́ pé Jean-Antoine Carrel, amọ̀nà ará Ítálì tó gbójú lé, ti bá àwọn ará Ítálì ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ara Whymper kò balẹ̀ mọ́. Ó sáré sọdá sí Zermatt, ó sì kó àwọn èèyàn jọ láàárín ọjọ́ díẹ̀.

Ẹ fi ìkánjú yìí sọ́kàn, nítorí òun ló bí púpọ̀ nínú ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Àwọn méje tó lọ kò tíì jọ gun òkè kankan rí gẹ́gẹ́ bí ẹgbẹ́ kan. Whymper, ọmọ ọdún 25. Lord Francis Douglas, ọmọ ọdún 18, ọmọ ìdílé ọlọ́lá ilẹ̀ Scotland. Charles Hudson, àlùfáà Áńgílíkà, tó mọ òkè gùn ju ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Douglas Hadow, ọmọ ọdún 19, tí Hudson mú dání. Michel Croz, amọ̀nà láti Chamonix ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn náà ni bàbá àti ọmọ tó jẹ́ ọmọ bíbí Zermatt, tí àwọn méjèèjì ń jẹ́ Peter Taugwalder. Kó má bàa rú wa lójú, n óò máa pè wọ́n ní Taugwalder bàbá àti Taugwalder ọmọ.

Whymper bi Hudson léèrè bóyá Hadow kájú ẹ̀. Hudson ní ó ti gun Mont Blanc, òkè tó ga jù nínú àwọn òkè Alps, kò sì pẹ́ lójú ọ̀nà tó ọ̀pọ̀ èèyàn. Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀.

Ní nǹkan bí aago kan kọjá ogójì ìṣẹ́jú, ọ̀sán ọjọ́ 14 oṣù Keje, wọ́n dé orí òkè. Nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n débẹ̀, Croz àti Whymper bọ́ kúrò lára àwọn yòókù, wọ́n sáré ìje, wọ́n sì jọ débẹ̀ pọ̀. Whymper bojú wolẹ̀ sí apá Ítálì, ó rí Carrel àti àwọn èèyàn rẹ̀ nísàlẹ̀ pátápátá, òun àti Croz bá ń yí òkúta sísàlẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ pé àwọn ti débẹ̀ ṣáájú. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Carrel tó gun ún láti ọ̀nà tirẹ̀. Wọ́n lo wákàtí kan lórí òkè, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Bí wọ́n ṣe tò sórí okùn nìyí, láti ìsàlẹ̀ lọ sókè: Croz ló ṣáájú, Hadow tẹ̀ lé e, lẹ́yìn rẹ̀ ni Hudson, lẹ́yìn rẹ̀ ni Douglas, Taugwalder bàbá, Whymper, Taugwalder ọmọ sì kẹ́yìn. Lákọ̀ọ́kọ́, Whymper àti Taugwalder ọmọ kò sí lára okùn àwọn tó kù. Ní nǹkan bí aago mẹ́ta, Douglas ló bẹ Whymper pé kó so ara rẹ̀ mọ́ Taugwalder bàbá, torí ẹ̀rù ń bà á pé bí ẹnìkan bá yọ̀, ọkùnrin náà nìkan kò ní lè gbé gbogbo wọn dúró. Ọmọdé ni, àmọ́ ó ríran.

Ẹsẹ̀ Hadow ti ń gbọ̀n. Croz ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lé òkúta lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí Croz ṣe yíjú padà láti sọ̀kalẹ̀ ní ẹsẹ̀ kan sí méjì ni Hadow yọ̀, ó já lù ú. Àwọn méjèèjì fa Hudson, wọ́n sì fa Douglas. Whymper àti Taugwalder bàbá di òkúta mú. Okùn náà ta, ó sì já láàárín Douglas àti Taugwalder bàbá. Àwọn mẹ́rin ṣubú láti ibi àpáta kan sí ibi àpáta òmíràn títí wọ́n fi balẹ̀ sórí yìnyín tó wà nísàlẹ̀, ní nǹkan bíi 1,200 mítà sí ibi tí wọ́n ti ṣubú. Wọ́n rí òkú mẹ́ta. Ti Douglas, ìbọ̀wọ́, bẹ́líìtì àti bàtà ni wọ́n rí, wọn kò rí òun fúnra rẹ̀ di òní.

Ó tó àkókò wàyí ká wo okùn náà fúnra rẹ̀. Whymper kọ̀wé pé èkíní nínú mẹ́ta jẹ́ ti Manila, okùn tí wọ́n fi fọ́nrán ewéko ṣe, irú èyí tí ẹgbẹ́ agunkè ní Lọ́ńdọ̀nù fọwọ́ sí, ẹsẹ̀ bàtà 200. Èkejì tún nípọn jù ú lọ, ẹsẹ̀ bàtà 150. Ẹ̀kẹta tẹ́ẹ́rẹ́, kò sì lágbára tó wọn, ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 200. Wọn kò gbé ti ẹ̀kẹta yìí wá láti fi so èèyàn. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kí wọ́n so ó mọ́ àpáta, kí wọ́n dì í mú sọ̀kalẹ̀, kí wọ́n sì fi í sílẹ̀ níbẹ̀ bó bá di dandan. Òun ló já. Nígbà tí Whymper dé ibi tí òkú wà, ó rí i pé okùn gidi ló so àwọn tó ṣubú pọ̀. Ibì kan ṣoṣo ni okùn tẹ́ẹ́rẹ́ náà wà lára gbogbo wọn, ibi tí Taugwalder bàbá ti so mọ́ Douglas.

Àwọn tó ń sọ pé wọ́n gé e máa ń bèèrè pé ṣé okùn lè já bẹ́ẹ̀ ni. Ó lè já dáadáa. Okùn tó ń gbé ẹrù tó dúró jẹ́ẹ́ kò jọ okùn tí ẹrù já lù lójijì. Ní 1864, ọdún kan ṣáájú, ẹgbẹ́ agunkè Lọ́ńdọ̀nù dán oríṣiríṣi okùn wò: wọ́n so ẹrù tó wúwo tó nǹkan bíi kílógíráàmù 76 mọ́ ọn, wọ́n sì jẹ́ kó já láti ẹsẹ̀ bàtà 10. Díẹ̀ nínú àwọn okùn náà ló yege. Èèyàn kan ni ẹrù yẹn dúró fún. Ní Matterhorn, èèyàn mẹ́rin ló fa okùn kan ṣoṣo, èyí tí wọn kò sì ṣe fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun tó pa ẹjọ́ ọ̀bẹ rẹ́ lójú tèmi ni ibi tí okùn náà ti já. Whymper kọ ọ́ kedere pé àárín méjì ló ti já, kì í ṣe ìdí Taugwalder. Ẹni tó fẹ́ gé okùn, ibi tí ọwọ́ rẹ̀ tó ni yóò ti gé e, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbàdí ara rẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè na ọwọ́ dé agbede méjì okùn tó ta kalẹ̀ sísàlẹ̀ àpáta nígbà tó ń fi ọwọ́ kan náà di òkúta mú kó má bàa kú. Kí a tó wí kí a tó fọ̀ ni gbogbo rẹ̀ sì ti parí. Ẹ tún wo ẹnu okùn inú dígí: bí ọ̀bẹ bá gé okùn tó lọ́, àwọn fọ́nrán rẹ̀ á ṣe déédéé ara wọn. Ti èyí kò ṣe déédéé, òmíràn gùn, òmíràn kúrú, gbogbo rẹ̀ tú.

Kí ló wá dé tí àhesọ náà kò kú?

Ìwádìí wáyé ní Zermatt ní ọjọ́ 21 sí 23 oṣù Keje. Ọ̀gbẹ́ni Joseph Anton Clemenz, adájọ́ tó ń ṣe ìwádìí ní àgbègbè Visp, ló darí rẹ̀. Inú òtẹ́ẹ̀lì Mont Cervin ni wọ́n ti ṣe é, òtẹ́ẹ̀lì tó jẹ́ ti Clemenz fúnra rẹ̀. (Nínú ìlú tí òtẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kò pọ̀ nígbà yẹn, bóyá kò yani lẹ́nu. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká rántí pé adájọ́ àti onílé ìtura jẹ́ ẹnìkan náà.) Wọ́n bi Taugwalder bàbá léèrè nípa okùn. Ó ní bí òun bá rí i pé kò lágbára, òun kò ní fi so ara òun mọ́ Lord Douglas, òun kò sì ní gbà á rárá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó ní okùn tó wà láàárín òun àti Whymper kò ta, ìdí nìyẹn tí òun fi ráyè wé e mọ́ òkúta, èyí tó gba àwọn mẹ́ta tó kù là. Whymper sọ pé ó ta, pé ńṣe ni ìfàgbọ̀n náà bá òun àti bàbá náà lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni létí wa, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nídìí rẹ̀: ta ló gba ta là?

Wọn kò pe Taugwalder ọmọ rárá láti jẹ́rìí. Nínú àwọn mẹ́ta tó yè, méjì ni wọ́n gbọ́ ẹnu wọn. Ìdájọ́ tó jáde ni pé kò sí ọ̀daràn, pé yíyọ̀ tí Hadow yọ̀ ló fa ikú wọn. Wọ́n sì ti ìwé rẹ̀ mọ́. Whymper fi àwọn ìbéèrè kan sílẹ̀ kí wọ́n bi Taugwalder bàbá kó lè rí àyè wẹ ara rẹ̀ mọ́, àmọ́ kò rí èsì wọn gbà. Àwọn ará ìta kò rí ìwé náà títí di 1920.

Àmọ́ ẹnu àwọn èèyàn kò dákẹ́ láàárín ìgbà yẹn. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹjọ 1865, ìwé ìròyìn The Times ti Lọ́ńdọ̀nù gbé lẹ́tà Whymper jáde, ayé sì kà á. Ní 1871, ó gbé ìwé jáde, ó ya àwòrán okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta síbẹ̀, ó sì kọ ọ̀rọ̀ kan tó dun Taugwalder wọra: pé okùn gidi tó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 250 ṣì wà láìlò nígbà tí bàbá náà so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ra. Kò sọ pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é. Ó kàn gbé e kalẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí olúkúlùkù fi làákàyè ara rẹ̀ parí rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti ẹnu dé ẹnu ni "ó mú okùn tí kò dára" yí padà di "ó gé okùn". Taugwalder bàbá kò ní ìwé ìròyìn kankan tó lè kọ tirẹ̀ sí. Ìlú ara rẹ̀ pàápàá ń fojú burúkú wò ó. Ó kọjá lọ sí Amẹ́ríkà fún ọdún mélòó kan, ó padà wálé, ó sì kú ní 1888. Whymper kú ní Chamonix ní 1911. Nígbà tí ìwé ìwádìí náà fi máa jáde ní 1920, ẹnìkan ṣoṣo ló kù láyé nínú àwọn méje, èyí tí wọn kò pè láti jẹ́rìí. Ó gbé ayé di 1923.

Tí ẹ bá bi mí, ẹ̀bi okùn náà kò ṣeé dì lé Taugwalder nìkan lórí. Ta ló ni àwọn okùn? Whymper ni. Ta ló mọ̀ ju gbogbo wọn lọ pé ẹ̀kẹta kì í ṣe fún síso èèyàn? Whymper náà ni. Nígbà tí wọ́n ń so okùn lórí òkè, ó dúró sẹ́yìn, ó ń ya àwòrán, wọ́n sì pè é padà kó wá kọ orúkọ gbogbo wọn sínú ìgò tí wọ́n fi sílẹ̀ níbẹ̀. Àwọn kan tó ti tú ọ̀rọ̀ náà wò fínnífínní tún ń fura pé nígbà tí òun àti Croz já ara wọn gbà láti sáré ìje, okùn gidi ni wọ́n gé kúrú. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ọ̀bẹ kan wà nínú ìtàn yìí lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe ọwọ́ Taugwalder ló wà.

Bí a ti wà lórí àhesọ, ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ kan òmíràn kọjá. Wọ́n máa ń sọ pé Ọbabìnrin Victoria fẹ́ fi òfin de gígun òkè nítorí ikú Lord Douglas. Ohun tó wà lákọsílẹ̀ ni lẹ́tà tí akọ̀wé rẹ̀ kọ sí Gladstone, olórí ìjọba, ní 1882, ọdún 17 lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ yìí, nítorí àwọn mìíràn tó kú lórí òkè. Ọbabìnrin fẹ́ mọ̀ bóyá òun lè sọ̀rọ̀ tako àṣà náà. Òfin kankan kò jáde.

Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí okùn náà wà tún ní ohun mìíràn tó máa ń rú àlejò lójú. Ní 2006 ni wọ́n ṣí i síbi tó wà báyìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì ìlú. Ohun tí ẹ máa rí lókè ilẹ̀ kò ju òrùlé onídígí lọ, ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Wọ́n pè é ní Zermatlantis, wọ́n sì tò ó bíi pé àwọn awalẹ̀pìtàn ṣàwárí abúlé kan tó ti rì. Àwọn kan máa ń jáde síta pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé abúlé kan rì ní Zermatt lóòótọ́. Kò sí èyí tó rì. Ìtàn àsọ ni wọ́n fi so ìpàtẹ náà pọ̀. Àmọ́ àwọn ilé inú rẹ̀ kì í ṣe ayédèrú: pákó àwọn ilé àtijọ́ gidi ni wọ́n fi tún wọn tò. Èmi kò fẹ́ràn ọgbọ́n yìí. Ilé tó jẹ́ òótọ́ kò nílò kí irọ́ kan gbé e dúró.

Nítorí ohun tí àwọn ilé wọ̀nyẹn ń sọ tó fúnra rẹ̀. Kí àlejò tó máa wá, àgbẹ̀ àti darandaran ni àwọn ará Zermatt. Wọ́n ń sin màlúù, àgùntàn àti ewúrẹ́, wọ́n sì ń gbin rye, ọkà kan tó jọ wíìtì tó ń fara da òtútù. Ẹ wo àká wọn. Pákó igi larch ni, tí oòrùn ti sun dúdú. Òpó kúkúrú ló gbé e kúrò nílẹ̀, láàárín orí òpó kọ̀ọ̀kan àti ìsàlẹ̀ àká, òkúta pẹlẹbẹ kan wà tó fẹ̀ yọ síta yíká. Eku lè gun òpó. Bó bá dé abẹ́ òkúta náà, kò sí bó ṣe lè fi ẹ̀yìn rìn lábẹ́ rẹ̀ kó tó yí sókè, ibẹ̀ ni yóò ti já bọ́. Orí òkúta mẹ́rin sí mẹ́fà yẹn ni oúnjẹ ọdún kan dúró lé, torí níbi tí yìnyín ti ń dí ọ̀nà fún ọ̀pọ̀ oṣù, àká tí eku wọ̀ túmọ̀ sí ebi. Búrẹ́dì rye náà, ìgbà díẹ̀ lọ́dún ni wọ́n ń yan án nínú ààrò tí gbogbo àdúgbò jọ ń lò. Ó máa ń le bí oṣù bá ti ń gorí oṣù, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á máa jẹ ẹ́. Àwọn àká yìí ṣì wà níta ní àdúgbò Hinterdorf, lẹ́yìn àwọn ilé ìtajà, ẹ kò sì ní san kọ́bọ̀ kí ẹ tó wò wọ́n.

Ohun kejì tó yẹ ká tú ni ti ọkùnrin Theodul. Theodul ni ọ̀nà orí òkè tó so Zermatt mọ́ Ítálì, ó ga tó nǹkan bíi 3,300 mítà, yìnyín tí kì í yọ́ tán ló sì bò ó. Láti àárín àwọn ọdún 1980, bí yìnyín náà ṣe ń yọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ ohun tó ti gbé mì jáde: egungun èèyàn, idà, ọ̀bẹ ìjà, ìbọn ìléwọ́, bàtà, owó ẹyọ. Owó ẹyọ náà fi hàn pé ní nǹkan bí ọdún 1600 ni ẹni náà kú. Nítorí ohun ìjà tó wà lára rẹ̀, àti nítorí pé Valais máa ń fi àwọn ọmọkùnrin rẹ̀ ránṣẹ́ lọ jagun fún àwọn ọba ilẹ̀ mìíràn láti gbowó, wọ́n sọ ọ́ ní jagunjagun alágbàṣe. Orúkọ náà mọ́ ọn lára. Àmọ́ nígbà tí àwọn onímọ̀ wo aṣọ àti ohun èlò rẹ̀ dáadáa, wọ́n rí i pé aṣọ olówó ni, idà rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí ọlọ́lá ń fi rìnrìn-àjò. Láyé ìgbà yẹn, ẹni tó ní owó lọ́wọ́ kì í dá gba ọ̀nà òkè láìmú ohun ìjà dání. Arìnrìn-àjò tó rí já jẹ ló jọ, kì í ṣe ọmọ ogun. Kàkà kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà, jagunjagun ṣì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ jagunjagun ń fa èrò ju ti arìnrìn-àjò lọ.

Àwọn kan rò pé ikú àwọn mẹ́rin yẹn ba Zermatt jẹ́. Ní ti owó, òdìkejì ló ṣẹlẹ̀. Gbogbo Yúróòpù gbọ́ orúkọ ìlú náà, èrò sì ń wọ́ wá. Ní 1871, Lucy Walker di obìnrin àkọ́kọ́ tó dé orí Matterhorn. Rélùwéè wọ Zermatt ní 1891, nígbà tó sì di 1898, òmíràn tó ń lo iná mànàmáná ti ń gun òkè Gornergrat lọ, tí àgbà tí kò lè rìn náà fi lè rí yìnyín láti orí ìjókòó.

Ẹni tó jẹ nínú rẹ̀ jù ni Alexander Seiler. Ará Valais ni, àmọ́ kì í ṣe ọmọ Zermatt. Ó gba ilé àlejò kékeré kan, ó sọ ọ́ ní Monte Rosa ní 1855. Inú rẹ̀ ni Whymper àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ti gbéra lọ́jọ́ tí wọ́n lọ. Ní 1867, ó ra òtẹ́ẹ̀lì Mont Cervin náà. Nígbà tó wá bèèrè pé kí wọ́n kọ orúkọ òun mọ́ ti àwọn onílẹ̀ ìlú, àwọn ìdílé tó ni igbó, pápá ìjẹko àti omi láti ìran dé ìran kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n fẹ́ owó rẹ̀, wọn kò fẹ́ kó ní ohùn nínú ilẹ̀. Ẹ má yára bú wọn: àjèjì tó ní òtẹ́ẹ̀lì méjì, tó tún wá ní ìpín nínú pápá, lè gba ìlú mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹjọ́ náà fà fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó dé ọ̀dọ̀ ìjọba àpapọ̀, wọ́n sì fi agbára gbé e wọlé ní 1889. Ọdún méjì péré ló fi jẹ́ ọmọ ìlú kó tó kú ní 1891.

Àwọn onílẹ̀ náà kò ká ọwọ́ gbera nígbà tí ẹjọ́ ń lọ. Wọ́n fi ọ̀wẹ̀ kọ́ òtẹ́ẹ̀lì tiwọn, Zermatterhof, wọ́n sì ṣí i ní 1879. Ó ṣì wà níbẹ̀, ìrìn díẹ̀ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, àwọn onílẹ̀ náà ló ṣì ni ín, wọ́n sì ti ní àwọn òtẹ́ẹ̀lì àti ilé oúnjẹ mìíràn kún un.